Bàtà Tí Kò Dùn Mí

Ọjọ́rú, 3, oṣù kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá ń jẹ sínú ìwé yìí, kí òun lè mọ ibi tí ṣúgà ń gbà wọ ara mi. Mo jẹun láàárọ̀. Mo tún jẹun nírọ̀lẹ́. Ó parí. Èyí tó kù nínú ìwé náà, tèmi ni, ohun tó bá wù mí ni màá kọ sí i. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Bàtà mi kú lónìí. Mo lọ wo ọ̀nà ibùba ọdẹ mi lókè, bóyá òjò ti yí òkúta dí i. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún já kúrò lára rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lọ sínú kòtò bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo fi okùn ajá so èyí tó kù mọ́ ẹsẹ̀, mo rìn ín délé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi sìn mí. Gbogbo ọ̀nà ni ajá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dẹ́ṣẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣí òkè fún ọdẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù àti díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4

Aránbàtà yẹ bàtà náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá Ọdẹ, òkú lẹ gbé wá. Ẹ lọ sin ín." Mo ní kó rán an. Ó ní kí lòun fẹ́ rán mọ́ kí ni, ihò mọ́ ihò? Mo bínú kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Àbámẹ́ta, 6

Mo lọ ra bàtà. Mo sọ fún Àbíkẹ́yìn mi pé kó má tẹ̀lé mi, ó tẹ̀lé mi. Ó ti lé lógójì ọdún, láti ìgbà tó ti kó padà wá bá mi gbé ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí mi.

Ọmọbìnrin tó ń ta bàtà ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó ní, "Màmá, ṣé ti ọkọ yín lẹ fẹ́ rà?"

Mo ní, "Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí ọkọ mi ti wà nínú sàréè. Kò tíì béèrè bàtà."

Ó gbé ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ mì.

Ó kọ́kọ́ gbé ti rọ́bà wá, tó gùn dé orúnkún. Ìyẹn ti ẹni tó fẹ́ fọ mọ́tò. Ó gbé òmíràn wá, ó fúyẹ́, ó láwọ̀ mẹ́rin bí ẹyẹ. Mo ká a láàárín, ó ká bí aṣọ. Bàtà tó bá ká báyẹn, gbogbo òkúta tó wà lókè ni wàá mọ lórúkọ. Èyí tí kò sì ká rárá, igi lo wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbé ojúlówó wá: awọ pupa rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, ó sì jìnnà síra kí ẹrẹ̀ má baà kún un. Wọ́n rán ahọ́n rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, omi ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo gbóòórùn rẹ̀. Awọ ni.

Ọmọ náà fi irin kan wọn ẹsẹ̀ mi, ó ní mọ́kànlélógójì. Ó ní tí mo bá lè padà wá ní ìrọ̀lẹ́ yóò dáa, torí ẹsẹ̀ àgbà a máa wú tí oòrùn bá ti wọ̀. Mo ní ṣé ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni ẹsẹ̀ mi tí yóò fi wú? Mo wọ mọ́kànlélógójì náà. Kò sí ohun tó dì mí mú, bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ afẹ́fẹ́. Mo wọ ogójì, bákan náà. Mo wá wọ mọ́kàndínlógójì. Ìyẹn dì mí mú. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́ bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àbíkẹ́yìn fi ìka tẹ iwájú rẹ̀. "Màámi, ọmọ ìka yín ti kan ògiri o."

"Ṣé ó dùn ọ́ ni?"

"Báwo ló ṣe máa dùn mí? Ẹsẹ̀ yín ni."

"Kò dun èmi tí mo ni ín náà."

Mo rà á. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, kí n má baà tún fojú rí i.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo rẹ bàtà méjèèjì sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́, mo wọ̀ wọ́n ní tútù, mo ń rìn kiri ilé títí wọ́n fi gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ bàtà lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn ní mò ń ba ilẹ̀ òun jẹ́. Ilẹ̀ rẹ̀? Ta ló kọ́ ilé?

Àìkú, 14

Mo gun òkè dé ibùba mi, mo sì padà. Òjò dá fún mi. Bàtà di àpáta mú bí pátákò ewúrẹ́. Àwọn tí mo fi ogún ọdún jù ń ké orúnkún, wọ́n ń ké ìbàdí. Èmi, nǹkan kan ò dùn mí láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí.

Mo pàdé Sùúrù lójú ọ̀nà. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí orúkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ tèmi nínú ìwé ẹgbẹ́ ọdẹ, tó ń dúró de ibùba mi. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibùba rẹ̀ kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí òkè, ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó di ti ẹni tó tẹ̀lé e. Kò sì sí ibùba tó tó tèmi lórí òkè yẹn. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀.

Sùúrù ní, "Ìyá Ọdẹ, ẹ kú ìgòkè. Ara ńkọ́?"

"Ara le koko. O lè máa dúró lọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, mo ti mú àpótí ìjókòó dání."

Ẹnu rẹ̀ mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó mọ̀.

Ajé, 15

Ìbọ̀sẹ̀ òsì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fà á, awọ bá a wá. Ọmọ ìka tó kéré jù ti bó, abẹ́ ẹsẹ̀ náà ti bó. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dùn mí. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ mímọ́ dì í, mo sì fọ ìbọ̀sẹ̀ kí Àbíkẹ́yìn tó dé. Egbò tí kò dunni, eré ló ń ṣe.

Ẹtì, 19

Òjò. Egbò ṣì wà níbẹ̀. Mo wọ bàtà lọ ra epo àtùpà, mo sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Kò dùn mí.

Ajé, 22

Mo gbé bàtà lọ fún aránbàtà pé kó bá mi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níwájú. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ti òsì, ó dúró, ó wò mí.

"Ìyá Ọdẹ, kí lẹ fi pamọ́ síbí?"

Ó fa òkúta kan jáde, ó tó hóró ẹ̀wà, ó lẹ́nu bí eyín ajá. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń tẹ èyí mọ́lẹ̀?"

Ọjọ́ tí mo gòkè ni mo ti rìn lórí òkúta kẹ́yìn. Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn. Mo ti wọ bàtà yẹn lọ síbi gbogbo.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà kí n dúró lé e. Ó fi pẹ́ńsù tọ etí ẹsẹ̀ mi yíká. Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà lé orí ohun tó yà. Ẹsẹ̀ tó yà náà yọ síta lápá ọ̀tún, ó yọ síta lápá òsì, bí ọmọ tí aṣọ ti kéré sí.

Ó ní, "Bàtà ò parọ́ fún yín o. Ẹsẹ̀ yín ni ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe aláròyé ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Aránbàtà yìí a máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan bàtà náà títí n ó fi lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lè fẹnu sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 24

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje, Àbíkẹ́yìn ń wo ẹsẹ̀ mi, èmi ń wo ògiri. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè ìwé oúnjẹ mi. Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Abẹ́ apá mi ló wà.

Ó mú okùn kan, ó tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin. Ó ní, "Màmá, ẹ dijú. Nígbàkígbà tí mo bá ti kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ ní 'bẹ́ẹ̀ ni'."

Mo dijú. Mo gbọ́ fáànù lókè. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún níta, mo gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo dúró títí ó fi sú mi.

Mo ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ̀, mo níṣẹ́ nílé."

"Mo ti parí, Màmá. Ibi mẹ́wàá ni mo ti kàn."

Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo la ojú kan díẹ̀. Mo rí okùn náà tó tẹ̀ kọrọdọ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ náà kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹrù tí ẹlòmíràn fi sọ́dọ̀ mi kí n bá òun tọ́jú.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ ń yọjú wò ó."

Ó rọra bá mi sọ̀rọ̀, ì bá kúkú jágbe mọ́ mi. Ó ní ṣúgà ló ti pa ẹsẹ̀ náà lódindi. Ó ní ẹsẹ̀ tí kò bá mọ nǹkan lára mọ́, bàtà tó há jù ló máa ń rò pé ó bá òun mu, torí híhá yẹn nìkan ló ṣì lè mọ̀ lára. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá fẹ́ yàgbẹ́. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó yí ojú sí Àbíkẹ́yìn.

Mo ra bàtà tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ojú mi ò tàn mí, ọwọ́ mi ò tàn mí. Ẹsẹ̀ mi ló tàn mí.

Ẹtì, 26

Àbíkẹ́yìn ti gbé bàtà náà pamọ́. Mo béèrè, ó ní òun ò mọ ibi tó wà. Èmi ni mo bí i, mo mọ bí imú rẹ̀ ṣe ń ṣe tó bá ń parọ́.

Àìkú, 28

Mo jókòó.

Ọjọ́rú, 1, oṣù kẹwàá

Mo jókòó. Oòrùn dára, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Èèyàn tó wà lókè lónìí á rí títí dé odò.

Àbámẹ́ta, 4

Ọmọ ìka kékeré náà ti dúdú bí èédú, ó sì ń rùn. Dókítà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ní, "Màmá, èyí ti lọ. Tá a bá fi sílẹ̀, yóò mú ẹsẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀."

Mo ní, "Gé e. Mo ní mẹ́sàn-án mìíràn."

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mo ní kó dákẹ́, ṣé ọmọ ìka kékeré ló ń gun òkè?

Ìṣẹ́gun, 7

Wọ́n gé e. Kò dùn mí.

Ajé, 13

Olórí Ọdẹ wá kí mi nílé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn dání, nígbà yẹn ṣòkòtò kì í dúró nídìí rẹ̀. Ó gbé ọsàn wá. Wọn ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ jẹ mẹ́ta.

Ó jẹ ẹ́ tán kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ìyá Ọdẹ, ẹgbẹ́ ti jókòó lé e. A ní ká fojú fo òfin yẹn lọ́dún yìí, nítorí yín. Ibùba yín á dúró dè yín."

Ọdún kẹjọ rèé, bàbá arúgbó kan wà nínú wa, ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀. Ó bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun máa fi alùpùpù gbé òun dé ìdajì òkè. Èmi ni mo dìde. Mo ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbé dókè, òkè ò mọ̀ ọ́n mọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n kọ sínú ìwé tó di òfin. Bàbá náà dìde, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga, kò sì padà wá mú un. Ọdún kejì ló kú.

Mo ní, "Rárá o. Òfin ni òfin. Màá rìn débẹ̀."

"Ìyá Ọdẹ, ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi rìn ín?"

"Méjèèjì."

Ó wo ilẹ̀. Ó dìde, ó kí mi, ó lọ.

Ó yẹ kó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá tún bẹ̀ mí ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ó mọ̀ mí jù, kò tún bẹ̀ mí.

Ẹtì, 17

Mo ti rí bàtà. Ó wà lẹ́yìn àpótí aṣọ Àbíkẹ́yìn. Ti ọ̀tún wọlé. Ti òsì ò gba báńdéèjì. Mo mú ọ̀bẹ, mo la iwájú rẹ̀ láti ibi okùn dé orí ọmọ ìka. Iṣẹ́ ni mo ṣe kí ọ̀bẹ tó wọlé. Awọ gidi ni, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ká ní mo ra nọ́ńbà tí ọmọ oníṣingọ́ọ̀mù yẹn pè, bàtà yìí ì bá gbẹ̀yìn mi.

Ẹsẹ̀ ti wọlé. Ọ̀la ni.

Àbámẹ́ta, 18

Mo ti ka ìbọn méje láti àárọ̀. Kò sí ìkankan tó ti apá ibùba mi dún. Mo mọ ohùn àpáta yẹn.

Ilé ni mo wà.

Mo dìde nígbà tí ilẹ̀ ń là bọ̀. Mo wọ bàtà, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo tú ajá. Mo rìn láti yàrá, mo gba pálọ̀ kọjá, mo dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Mo rìn dáadáa. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé nọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan, dókítà onírùngbọ̀n mẹ́ta ò mọ nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, gbogbo èsì ló wà lẹ́nu mi. Kò pariwo.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, Màámi. Mi ò ní dá yín dúró."

"O ò tó bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó lọ."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Láti ẹnu yàrá mi títí dé ibi tí mo dúró sí, ipa ẹsẹ̀ òsì mi wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pupa, ó ń dán. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá. Ajá ń lá èyí tó kẹ́yìn.

Mo dúró. Mo tẹ́tí sí ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó fi etí ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni nínú ilé. Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ti lọ. Mo bí ọmọ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ké. Ọta ìbọn wà ní itan mi dòní. Ìrora, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà, mo ti dá a mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n èyí, ta ni kí n bá jà? Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí mo wà. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Mo ń wo àárín orí rẹ̀. Ewú ti kún ibẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó hù.

Oòrùn yọ níṣojú àwa méjèèjì.

Àìkú, 19

Sùúrù wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tó máa fi ojú rẹ̀ ṣe.

"Ìyá Ọdẹ, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Kí lo pa?"

"Mi ò pa nǹkan kan. Àgbọ̀nrín méjì yọ, wọ́n gbóòórùn mi, wọ́n lọ."

"Ibo lo jókòó sí?"

"Níwájú igi gbígbẹ yẹn."

"Ọdún mọ́kànlá lo fi dúró, o lọ jókòó síwájú igi gbígbẹ!" Mo wo àjà. Ohun tí mi ò sọ fún àwọn ọmọ tí mo bí ni mo sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Afẹ́fẹ́ ń ti odò gòkè wá títí oòrùn fi máa kan àpáta. Tó bá ti kàn án, afẹ́fẹ́ á yí. Kó tó yí ni kó o yìnbọn. Tó bá ti yí, máa bọ̀ nílé."

Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ibi tó ti ń tẹ̀ ba ni ojú rẹ̀ ti fún pọ̀, ó di àga mú.

Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

"Bàtà ni, Ìyá Ọdẹ. Tuntun ni, nítorí àná ni mo ṣe rà á."

"Jókòó. Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó yànmọ̀yànmọ̀. Ó ń mí sínú bí ọmọ ọwọ́ tó jẹ ata.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí o! Ó ń dùn mí gan-an!"

"Báwo ló ṣe ń dùn ọ́?"

Ó wò mí, ó ń wò bóyá mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí i pé rárá. Ó wá sọ ọ́. Ó ní tí òun bá gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀, ó ń fà á. Tí òun bá gbé e sílẹ̀, ó ń jó bí iná, iná náà á gùn dé orúnkún. Ó ní tí aṣọ bá fara kàn án lásán, ó ń ta òun bí oyin.

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì mi lé orí ìrọ̀rí, mo tẹ́tí sí i. Mo jowú rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi, mo ṣe bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.

Mo ní kó tún un sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀, kó má fo ibì kankan.